Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí a ṣe tún ìpolówó gààrí inú ọ̀rá ṣe ní Agbowó

Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n dá òwò náà sílẹ̀. Wọ́n ń ra gààrí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án, wọ́n ń fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì ń dì í sínú ọ̀rá ní ìwọ̀n 500 gíráàmù, kílò kan àti kílò márùn-ún, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ òwò náà níhìn-ín, kí àkọsílẹ̀ yìí má baà di ìpolówó mìíràn.

Nígbà tí wọ́n pè mí sí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe pé wọn kò polówó. Wọ́n ti tẹ ìwé ìléwọ́, wọ́n ti sanwó fún àtẹ̀jíṣẹ́ tí a ń fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti sanwó fún Facebook, ọ̀rẹ́ wọn kan sì ti bá wọn kọ orin tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Fóònù ń dún ṣáá, àwọn èèyàn ń béèrè iye owó, ṣùgbọ́n ọjà kò kúrò lórí pẹpẹ, àwọn díẹ̀ tó sì rà á, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n padà wá. Ohun tí a pinnu ni pé kí a tú gbogbo ìpolówó náà palẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì kó owó tó kù lọ sí ibi tí oníbàárà tó ń padà wá ti ń jáde. Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ pípadà wá nítorí pé èrè orí kílò kan jẹ́ ₦350 péré nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì dá owó tí a ná kó tó mọ̀ wá padà.

Ohun èlò wa kò pọ̀: ìwé onílà kan, bírò, òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù, ẹ̀rọ tí a fi ń dí ẹnu ọ̀rá, rúlà, fóònù Android kan àti aṣọ funfun kan tí a ń ya àwòrán lórí rẹ̀.

Ìpele 1: Ìwé àṣẹ

Èyí kò pẹ́. Ní Nàìjíríà, oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá fún títà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, NAFDAC kan náà ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó rẹ̀ kó tó jáde. Láti ìgbà òfin ọdún 2022, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó, tí a ń pè ní APCON tẹ́lẹ̀, ti di ARCON, ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló sì ń yẹ ìpolówó wò kí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n tó gbé e. Nọ́ńbà NAFDAC ti wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí kò sí ni ààmì òwò. Ọkọ àbúrò mi rò pé bí CAC ti forúkọ òwò náà sílẹ̀, orúkọ náà ti di ti wọn nìkan lórí ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìwé CAC, ọ̀tọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ààmì òwò, èyí tí à ń ṣe ní Àbújá, tó ń wà fún ọdún 7 kí a tó tún un ṣe fún ọdún 14. “Gààrí Ìjẹ̀bú” fúnra rẹ̀ kò ṣe é fi ṣe ààmì, nítorí pé orúkọ irú ọjà ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín. A gbé ìwé náà fún agbẹjọ́rò, a sì kọjú sí iṣẹ́.

Ìpele 2: Ìwé onílà àti ìbéèrè kan ṣoṣo

A fa ìlà márùn-ún sínú ìwé: ọjọ́, orúkọ tàbí àpèjẹ́ oníbàárà, ohun tó rà, ẹni tàbí ohun tó júwe wa fún un, àti ọjọ́ tó padà wá. Ó rọrùn lójú, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń béèrè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọmọ tó ń bá wọn tajà máa ń béèrè pé, “Mà, ṣé orí Facebook lẹ ti rí wa?” Oníbàárà á sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ lè tán, kí wọ́n sì gba ṣéńjì wọn máa lọ. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kún fún Facebook tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ àbúrò mi fi fẹ́ fi owó kún ti tẹ́lẹ̀.

A yí ìbéèrè náà padà sí, “Ẹ kú àbọ̀ mà. Ta ló júwe wa fún yín?” A sì kìlọ̀ fún ọmọ náà pé lẹ́yìn tó bá ti béèrè, kó dákẹ́, kó má ka ohunkóhun sílẹ̀ fún wọn láti mú. Ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀kan ní ìyá onídodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ló rán òun. Ọ̀kan ní wọ́n fi jẹ àwọn níbi ìkómọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọmọ yàrá òun ló rà á, òun sì ti bá a jẹ ẹ́ tán. Òmíràn ní òun kàn ń kọjá ni, òun rí gààrí nínú abọ́ tí wọn kò tíì dì. Facebook kò sí nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ẹnu ló ń ta ọjà yìí, ẹnu tó ń jẹ àti ẹnu tó ń sọ, àti pé ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́ yẹ kó lọ síbẹ̀.

Ìpele 3: Ọ̀rá tó fi gààrí pamọ́

Ẹni tó bá ń ra gààrí lọ́jà ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Á ti ọwọ́ bọ inú abọ́, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á mì í kó lè rí bí eruku yóò ṣe kù sí àtẹ́lẹwọ́ tó, á ju díẹ̀ sẹ́nu, á fetí sí bó ṣe ń dún lábẹ́ eyín, á sì dúró díẹ̀ kí kíkan rẹ̀ dé ọ̀fun. Bó bá rin, eyín á sọ fún un. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, ahọ́n á mọ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gba gbogbo àyẹ̀wò yìí mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Wọ́n fi àwọ̀ ewé àti wúrà bò ó látòkè délẹ̀. Ó rẹwà, kò sì sẹ́ni tó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojú mi ni ìyá kan ṣe gbé e, tó mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, tó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ fi pamọ́ síbẹ̀?” tó sì rọra gbé e padà sórí pẹpẹ.

Ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara ni a fi rọ́pò rẹ̀, 20 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti 30 ní gígùn fún kílò kan, pẹ̀lú sítíkà tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 8 lọ. Orúkọ ọjà ga tó mìlímítà 12. Ìwọ̀n, ọjọ́ tí a dì í, ọjọ́ tí ó yẹ kí a ti jẹ ẹ́ tán, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìpele (batch number) àti àdírẹ́sì ga tó mìlímítà 3, nítorí pé nígbà tí ó jẹ́ 2, àwọn ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń na apá wọn gùn kí wọ́n tó lè kà á. Sítíkà àkọ́kọ́ jẹ́ bébà lásán, ₦12 lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi ọwọ́ tútù pa á, ó ya. A fi ọwọ́ epo pa á, dúdú rẹ̀ bá ọwọ́ lọ. A lọ sí èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò lójú, ₦20, ó sì dúró.

Ọ̀rá gaara mú wàhálà tirẹ̀ wá. Lára àwọn tí a kọ́kọ́ dì, ìrì hàn nínú ọ̀rá kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé gààrí náà kò tíì tutù tán nígbà tí a dí ẹnu rẹ̀. Ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nínú ọ̀rá aláwọ̀ náà tẹ́lẹ̀, a kàn kò rí i ni. Láti ìgbà náà wá, a ń tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ títí yóò fi tutù dé ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹ̀rọ tí a fi ń dí ẹnu ọ̀rá. Lẹ́yìn èyí, a gbé ike kékeré kan tó ní ìdérí àti ṣíbí síwájú ṣọ́ọ̀bù, a sì fún alárobọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń bá wa tà ní irú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò lè tọ́ ọ wò láìtú ọ̀rá.

Ìpele 4: Àtẹ̀jíṣẹ́ tí a dá dúró

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá polówó nípa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹ kó mọ èyí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba àmì 160 bó bá jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan péré bá wọlé, gbogbo rẹ̀ yóò yí sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tí kì í gbà ju 70 lọ. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé à, è, é, ì, ò àti ù wà nínú àwọn tí kò fa ìnáwó, ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá sì gùn ju ẹyọ kan lọ, 67 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi kọ gùn tó àmì 150, ó kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì ohùn, ilé iṣẹ́ tó bá a fi ránṣẹ́ sì gba owó ẹyọ mẹ́ta lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ nọ́ńbà kò gbà á rárá. Àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ti fún aráàlú ní nọ́ńbà 2442, tí wọ́n lè fi STOP ránṣẹ́ sí kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó má baà máa wọlé sí wọn, ẹni tó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìpolówó lásán kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà náà pàápàá, ẹnì kan ló tà wọ́n fún wọn, àwọn tó ni ín kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 kò fàyè gbà. A pa àkọsílẹ̀ nọ́ńbà náà rẹ́.

Ìpele 5: Ẹ̀dínwó kùnà, èènì ṣiṣẹ́

Kí n tó dé, wọ́n ti dín ₦200 lórí kílò kan fún ìgbà díẹ̀. Ọjà yá lóòótọ́. Nígbà tí ẹ̀dínwó parí, àwọn tó ra púpọ̀ kò padà. Wọ́n ń dúró de òmíràn. Àwọn alárobọ̀ tó ti ra tiwọn ní iye tó pé bínú, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú, nítorí pé ẹni tó ń ta ọjà fún wọn tún ń tà lábẹ́ iye tiwọn.

Mo ní kí a gbàgbé ẹ̀dínwó, kí a lọ sí èènì, nítorí pé kò sí ìyá ọlọ́jà kan nílẹ̀ wa tí kò mọ agbára rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí a fi sí i ni pé èènì náà kì í ṣe ti ẹni tó rà. Ti ẹlòmíràn ni. Ẹni tó bá ra kílò kan yóò gba ọ̀rá kékeré kan tí a kọ “Ti ọ̀rẹ́ yín ni” sí lára. Gíráàmù 50 ni a fi bẹ̀rẹ̀, kò sì wúlò, torí kò tó mu nínú ife. Wọ́n ń fọ́n ọn sẹ́nu lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbàgbé ẹni tó fún wọn. A sọ ọ́ di 100, tó tó ife kan pẹ̀lú omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà. Nígbà kan tí a ń fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, àwọn ọmọdé àdúgbò ń tò wá, wọ́n ń pààrọ̀ fìlà padà wá. Láti ìgbà náà ni a ti so ó mọ́ ríra.

Lẹ́yìn ọ̀rá kékeré kọ̀ọ̀kan, a fi máákà kọ lẹ́tà kan: A fún ti ṣọ́ọ̀bù, B fún ìyá onídodo, D fún alárobọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá mú ọ̀rá òfìfo náà wá yóò ra kílò àkọ́kọ́, àwa á sì mọ ibi tó ti wá láì béèrè.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ìwé ìléwọ́ 1,000 ná wọn ní ₦35,000. Ẹni mẹ́fà ló mú un wá, ẹni méjì nínú wọn ló padà wá rà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà oníbàárà kan tó ń padà wá ná wọn ní ₦17,500, èyí tí yóò gba kílò àádọ́ta kó tó dá owó yẹn padà. Èènì kan ná wa ní ₦165: ₦130 fún gààrí, ₦15 fún ọ̀rá, ₦20 fún sítíkà. Nínú 200 àkọ́kọ́, tó jẹ́ ₦33,000, ẹni 41 wá rà, 27 nínú wọn sì padà wá. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ₦1,200 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ra kílò mẹ́rin, ó ti sanwó ara rẹ̀. Lẹ́tà B ló mú èyí tó pọ̀ jù wá. Ìyá onídodo kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀; láti ìgbà náà, kílò kan ń lọ sílé wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo sì rò pé kò tíì tó.

Ìpele 6: WhatsApp

Wọ́n ń lo WhatsApp lásán; a gbé wọn sórí WhatsApp Business, tí kì í gba owó, tó sì láyè fún àtẹ ọjà, ìdáhùn tí a ti kọ sílẹ̀ àti àmì aláwọ̀ tí a fi ń ya oníbàárà sọ́tọ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìkéde tí a bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn nípa àtòkọ ìkéde, tí kì í gbà ju nọ́ńbà 256 lọ, àwọn tó ti fi nọ́ńbà wa pamọ́ sínú fóònù wọn nìkan ló ń rí i. Wọ́n ti ń kéde fún àwọn tí kò gbọ́. A kọ ọ́ sórí èènì pé kí ẹ fi nọ́ńbà wa pamọ́, kí ẹ sì kọ “gààrí” ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹni náà ṣe fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí wa ló jẹ́ ìyọ̀ǹda tí òfin ń béèrè.

Ní ti àwòrán, iná fóònù ń sọ gààrí di funfun bí ẹfun. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ funfun lábẹ́, àti ọwọ́ èèyàn nínú àwòrán kí ìwọ̀n lè hàn, ìyẹn ti tó. A ń fi í sí Status ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ebi ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó yí nǹkan padà jù lọ níbí kò ná wa ní nǹkan kan: a kọ iye owó sí ara gbogbo àwòrán. Tẹ́lẹ̀, “Ẹ pè wá fún iye owó” ni wọ́n ń kọ, ohun tó sì ń mú fóònù dún nìyẹn. Nígbà tí iye owó ti hàn, ìpè dínkù gidigidi, àwọn tó ń pè sì ń pè láti sọ pé kí a gbé e wá.

Ìpele 7: Orin rédíò

Orin tí ọ̀rẹ́ wọn kọ dùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ kó wà nílẹ̀, ó sì wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, tí gààrí fi di gàárì ẹṣin. A ní kó tún un kọ, kó jẹ́ kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni àyè rẹ̀. Bí a bá kà á pẹ̀lú ìmí tó dára, ọ̀rọ̀ bí 60 ló gbà. Nọ́ńbà fóònù oníye 11, tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀méjì, ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń din àkàrà tí yóò sá lọ mú bírò. A yọ ọ́, a fi ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà rọ́pò rẹ̀. A tún gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí orúkọ òwò. Ẹni tó ń kiri àgbàdo kì í kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀. “Lángbé jinná o” ló ń sọ, ipò tí ọjà wà ló fi ń ṣíwájú. Tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ó kan, ó gbẹ, kò ní iyẹ̀pẹ̀.”

A kò tíì gbé e sórí rédíò. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ń dé gbogbo Ìbàdàn àti àwọn ìlú tó yí i ká, àwa sì wà ní Agbowó. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Apata kò ní wọ ọkọ̀ méjì wá ra kílò kan, owó tí a bá fi pè é yóò sì ṣòfò títí a ó fi ní alárobọ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí a dín Facebook kù: gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń polówó fún, a sọ ọ́ di kìlómítà mẹ́ta sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú owó orí ọjà 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń fi kún un láti ọdún 2022, síbẹ̀ kò dé ìdajì èènì, a sì pa á tì. Google ti gbà wá sórí máàpù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn àlejò tó wá kí ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́ sì ń gba ibẹ̀ rí wa.

Ìpele 8: Kílò márùn-ún

Èyí ni kò tíì gbọ́ràn. Ọ̀rá 500 gíráàmù àti kílò kan ń tà, àwọn ìdílé kò sì ra kílò márùn-ún. Ìdáhùn tó ń jáde nínú ìwé onílà ni pé kóńgò ni wọ́n fi ń ṣírò, wọn kò sì mọ iye kóńgò tó wà nínú rẹ̀. A gbé kóńgò lóríṣiríṣi láti Bódìjà lé òṣùwọ̀n. Bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n bá ṣe ru ú sókè tó ni, láti kílò 1.3 dé 1.5. Kílò ló gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀rá, nítorí náà káàdì kan la gbé sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, tó sọ pé ó lé ní kóńgò mẹ́ta, pẹ̀lú iye owó kóńgò kan lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tíì tà ní òpin oṣù yìí, a ó tú èyí tó kù sínú ọ̀rá kílò kan, a ó sì dá dídi kílò márùn-ún dúró.